Fìlà Bàbá Ọ̀fẹ́

Jígí ni ọkùnrin yìí ń tà, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lo ọjà náà jù. Mọ́kàndínlógójì jígí ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ńlá, kékeré, roboto àti onígun mẹ́rin, kò sì sí èyí tí kì í bẹ̀ wò láàárọ̀. Tó bá dé iwájú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Tó bá dé iwájú èyí tó ga jù, á fa ikùn wọlé. Níwájú èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà yí ká, á dúró, á mi orí, á wá sọ fún ojú ara rẹ̀ pé, "Ọlọ́run ò dá méjì ẹ."

Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀gá Àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é lójú rẹ̀. Tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn, Ọ̀gá Wòmí ni. Ìdí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lè bá a sọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín tó ń ro yín, tí kò ní parí sí, "Ẹ ṣáà wò mí."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin mọ orúkọ yẹn dáadáa. Ó máa ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí wọ́n sì ti ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń gbá ohun tó bá fọ́ sílẹ̀ jọ. Wọn kì í tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta síra wọn kó tó bú sẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ tí kò pa á lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ fọ́tò bàbá wọn ni.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá wọn yà láyé. Bàtà ló ń tún ṣe, ní ìlú mìíràn tó jìn gan-an síbi tí wọ́n wà báyìí. Nínú fọ́tò náà, ó jókòó sórí àpótí, bàtà obìnrin kan wà lórí orúnkún rẹ̀, ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín dé ibi tí ìṣó gbà á láyè dé. Ìyá wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló ń tọ́jú fọ́tò ọ̀hún sábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gá Wòmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ fi dígí sí i. Ẹni tó ń ta jígí o! Títí dòní, dígí ò tíì dé. Nígbà tí wọ́n béèrè títí, ó ní fọ́tò ti sọ nù.

Màmá ò sunkún. Ó kàn ń sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Ojú bàbá rẹ ti ń pòórá lọ́kàn mi o. Mo rántí ìṣó yẹn, mo rántí ẹ̀rín yẹn. Imú ẹ̀ ni mi ò rí mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ilé ìkàwé àdúgbò fi lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta sọ ìtàn ìdílé wọn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀: ètò tí wọ́n fi ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán àti orin inú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, torí àwọn tó ni wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n. Fídíò kan péré ni ìdílé kan lè ṣe. Ní ọ̀sán Sátidé tó bá kẹ́yìn, wọ́n á fi gbogbo wọn han aráàlú, wọ́n á sì fi orúkọ ìdílé tí ìtàn rẹ̀ bá dùn jù sọ yàrá ìkàwé tuntun tí wọ́n kọ́ fáwọn ọmọdé.

Ọ̀gá Wòmí ka ìwé náà débi tí wọ́n kọ "orúkọ ìdílé" sí, kò kà á kọjá ibẹ̀. Ó ti rí ara rẹ̀ lókè ilẹ̀kùn. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé lọ forúkọ sílẹ̀.

"Èmi ni màá sọ ìtàn," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lo máa tẹ kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fẹ́ sọ?"

"Òótọ́ ni. Àmọ́ a máa wọṣọ fún un."

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Wòmí fi lọ sí kíláàsì. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, ó kọ́ olùkọ́ bó ṣe yẹ kó dúró kí iná lè bọ́ sí i lójú dáadáa, ó ní òun ti mọ gbogbo ẹ̀, ó sì lọ ilé. Àbúrò rẹ̀ ló ń lọ látìgbà yẹn. Olùkọ́ wọn, obìnrin kékeré kan tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, fara balẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, bí wọ́n ṣe ń da ohùn lé àwòrán, bí wọ́n ṣe ń to àwòrán lé àwòrán bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí.

"Tẹ́ ẹ ò bá ní fọ́tò èèyàn yín," olùkọ́ sọ fún wọn, "ẹ lè yá ojú ẹlòmíì. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé aṣojú ni. Ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò náà ní ìparí."

Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ló ṣí ibi tí wọ́n ti ń kó àwòrán ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló sì tẹ "bàbá àgbà." Ẹnì kan náà ló yọjú sí gbogbo wọn lókè pátápátá: bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, tí ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ji èèyàn. Oníbúrẹ́dì kan tó wà nínú kíláàsì wo kọ̀ǹpútà awakọ̀ kan, awakọ̀ wo ti nọ́ọ̀sì kan, ni kíláàsì bá tú ká fún ẹ̀rín. Wọ́n sọ bàbá náà ní Bàbá Ọ̀fẹ́. Kí wọ́n tó jáde, àwọn mẹ́ta yìí ti yá a.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jígí ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbé kọ̀ǹpútà tiwọn sí. Ẹ̀gbọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀, àbúrò ń tẹ̀ ẹ́.

"Kọ ọ́ pé bàbá mi ní iléeṣẹ́ bàtà."

"Àpótí ìjókòó kan ló ní, Ẹ̀gbọ́n mi. Àpótí ọ̀hún gan-an, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní."

"Iléeṣẹ́ ńlá tó dúró lórí òpó mẹ́ta. Kọ ọ́."

"Èmi ò ní..."

"Kọ ọ́ pé ó ní àìmọye òṣìṣẹ́."

"Màmá nìkan ló ń bá a fa okùn bàtà!"

"Ìwọ náà rò ó wò. Ta ló lè ka iye iṣẹ́ tí Màmá ṣe? Àìmọye nìyẹn."

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ọ̀hún tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìka kan ṣoṣo tẹ "bàbá àgbà" sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì mú ẹni àkọ́kọ́ tó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo kíláàsì ló mọ bàbá yìí! Bàbá Ọ̀fẹ́ là ń pè é. Èèyàn mẹ́ta ti yá a."

"Àwọn yá a. Èmi ò yá a, mo gbà á ní bàbá ni."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé aṣojú ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Aṣojú kẹ̀? Ṣé aṣojú ló bí mi ni? Dé fìlà fún un. Ta ló ń dá ẹni tó bá dé fìlà mọ̀?"

Ó fi àáké kọ́rí. Àbúrò bá lọ wá fìlà ọ̀fẹ́ kan, aláró tó ní iṣẹ́ ọnà wúrà létí, ó gbé e lé Bàbá Ọ̀fẹ́ lórí. Ká sọ tòótọ́, fìlà náà bá a mu. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Fọ́tò bàbá wa gan-an ńkọ́?"

"Ṣebí mo ní ó ti sọ nù." Jígí ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wà nínú jígí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè wo àbúrò rẹ̀ lójú.

Ṣùgbọ́n àbúrò ti rí nǹkan kan. Fódà kan, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí, wà lórí kọ̀ǹpútà náà, kì í sì í ṣe òun ló dá a. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé MÁ ṢÍ I. Wọ́n tọ́ obìnrin náà dáadáa, nítorí náà kò ṣí i.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó dé ilé, ó bá Màmá níbi tó ti ń lọ aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní màá rí bàbá yín lára ògiri lọ́jọ́ Sátidé," Màmá wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ó ní á tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Mo fẹ́ kó bá mi nínú aṣọ tó mọ́."

Inú bí Àbúrò débi pé ó fẹsẹ̀ rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ fún Màmá pé ó máa rí Bàbá?"

"Ojú Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́," ni Ọ̀gá Wòmí wí. "Irùngbọ̀n lásán ló máa rí."

"Bàbá wa ò ní irùngbọ̀n!"

"Ẹni tó bá kú, irùngbọ̀n ẹ̀ á máa hù."

Àbúrò mí kanlẹ̀. Ó tún ṣe ìkìlọ̀ kan péré fún un kó tó lọ. "Ẹ má fọwọ́ kan fídíò yẹn mọ́. Fìlà wà lórí ìlà tiẹ̀, bàbá wà lórí ìlà tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe fún ọ̀kan, ìkejì ò ní mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n kọ etí ikún. Láàárọ̀ Sátidé, òun nìkan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó rí bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ "Sún Mọ́" sí. Ó tẹ̀ ẹ́ sí fọ́tò ara rẹ̀, fọ́tò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tóbi, ó ń tóbi, títí ojú rẹ̀ fi gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó wá rò ó pé ọmọ ò ní dá sún mọ́ èèyàn kí bàbá má sún mọ́ wọn, ló bá tẹ̀ ẹ́ sí Bàbá Ọ̀fẹ́ náà.

Ní ọ̀sán, gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún àkúnya. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, àbúrò sì ni olùkọ́ ní kó máa tẹ kọ̀ǹpútà fún gbogbo èèyàn. Màmá jókòó síwájú nínú aṣọ tó lọ̀, ó na ọrùn.

Fídíò oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ jáde. Bàbá àgbà rẹ̀ ru ìyẹ̀fun rìn lọ rìn bọ̀ fún ogójì ọdún, ta ló sì yọjú? Bàbá Ọ̀fẹ́ ni, "aṣojú ni" wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ fi tiẹ̀ hàn, nípa bàbá àgbà rẹ̀ tó ń tukọ̀ lójú omi, tó sì bá odò lọ. Bàbá Ọ̀fẹ́ ló tún tukọ̀, òun ló sì bá odò lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa fi bàbá àgbà tiẹ̀ hàn, ẹni tí ìhanrun rẹ̀ ń jí àdúgbò, gbogbo gbọ̀ngàn ti di ojúlùmọ̀ bàbá náà. Bó ṣe yọ ni wọ́n pariwo pé, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá!"

"Bàbá yìí mà ń ṣiṣẹ́ o," ni Màmá wí fún ẹni tó jókòó tì í. "Ó ru ìyẹ̀fun, ó kú sódò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ráyè sùn."

Ọ̀gá Wòmí ò rí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ìta ló wà, níwájú fèrèsé kan tó ń dán, níbi tó ti ń kọ́ bó ṣe máa ṣe bíi pé ó ya òun lẹ́nu tí wọ́n bá pè é. Wọ́n pè é lóòótọ́. Ó wọlé, ó fa ikùn wọlé, ó dúró síwájú wọn.

"Ẹ ṣáà wò mí," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá ní omijé, kó tọ́jú ẹ̀, ó máa nílò ẹ̀."

Olùkọ́ béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti kọ ibi tẹ́ ẹ ti yá àwòrán yín síparí ẹ̀?"

"Èmi kì í yá nǹkan. Bàbá tó bí mi ni ẹ máa rí. Mo forí mi búra!"

Àbúrò di ojú, ó tẹ bọ́tìnì.

Ọ̀gá Wòmí fúnra rẹ̀ ló gba ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Ó sún mọ́ wọn, ó sún mọ́ wọn, títí àwọn tó wà níwájú fi sún àga wọn sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ wá dún: "Ẹ wo bàbá mi, oníléeṣẹ́ bàtà, ọ̀gá àìmọye òṣìṣẹ́!" Bàbá onírùngbọ̀n kan yọ, fìlà aláró lórí. Irùngbọ̀n yẹn jọ ohun tí wọ́n ti rí rí, àmọ́ fìlà ń dà wọ́n láàmú.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn. Fìlà ò bá a sún. Ojú ń tóbi, fìlà wà bó ṣe wà. Orí ń gòkè, fìlà dúró síbi tí wọ́n gbé e sí. Láìpẹ́, ó ti kúrò lórí, ó wà níwájú orí. Ó dé ojú, ó bo ojú kan, ó ṣí i sílẹ̀. Ó wá fìdí kalẹ̀ ṣóńṣó sórí imú.

"Bàbá Ọ̀fẹ́!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Ilé dàrú. Àwọn kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sí ògiri, ó ní, "Bàbá àgbà mi, ẹ ti wá di olówó, ẹ ò sì sọ fún wa!" Awakọ̀ sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá Wòmí. "Ẹ kú ilé o, sà! Tí bàbá àgbà mi bá jẹ́ bàbá yín, ẹ̀yin làbúrò bàbá mi nìyẹn. Níbo lẹ ti wà látijọ́?"

"Wọ́n jí i ni!" Ọ̀gá Wòmí ń pariwo, òógùn bò ó. "Bàbá mi ni! Àwọn yìí ló jí bàbá mi!"

Ìgbà yẹn ni Màmá dìde. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá bi í.

"Bàbá ni, Màmá."

"Bàbá ta?"

"Bàbá... bàbá mi."

"Ìwọ yìí, èmi ni mo bí ẹ àbí èmi kọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Èmi ò mọ ọkùnrin yìí rí! Ẹ wo irùngbọ̀n! Èmi tí mo fẹ́ ọkọ kan ṣoṣo láyé mi, ọmọ mi wá ń fún mi lọ́kọ tuntun lójú gbogbo èèyàn, ọkọ tó ti kú sódò!"

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́yìn ìyẹn mi fèrèsé. Awò ojú olùkọ́ já bọ́. Àbúrò fẹ́ pa fídíò náà, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kó rí ibi tó ń tẹ̀, ló bá ti gbogbo ètò náà pa, ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà wá hàn sára ògiri gbàgàdà. Gbogbo ilé kà á pa pọ̀: "MÁ ṢÍ I!"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀: "Ṣí i! Ṣí i! Ṣí i!"

Ọ̀gá Wòmí fò lọ síwájú ògiri, ó la apá méjèèjì láti bò ó. Ńṣe ni gbogbo ẹ̀ kúrò lára ògiri tó bọ́ sára rẹ̀. MÁ ṢÍ I wà láyà ẹ̀wù funfun rẹ̀ látọwọ́ dé ọwọ́.

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo Màmá, tó ṣì dúró nínú aṣọ tó ti ń lọ̀ látọjọ́ Ọjọ́rú. Ó ṣí i.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ fídíò: Ọ̀gá Wòmí níwájú jígí aláwọ̀ wúrà, ó gbá ọmọrí ìkòkò mọ́ àyà bí ẹni gba ẹ̀bùn. "Ẹ ṣé, ẹ jókòó, ẹ jókòó. Mi ò retí ẹ̀ rárá." Ó nu ojú gbígbẹ. Ó dúró, ó ní, "Ẹkún yẹn ò tíì dáa tó," ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn èèyàn ò lè mí mọ́. Ọkùnrin kan ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú òun.

Ohun kejì jẹ́ ẹ̀dà fọ́tò kan. Àbúrò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àpótí ìjókòó bọ́ sórí ikùn Ọ̀gá Wòmí, bàtà obìnrin bọ́ sí i láyà, ìṣó mẹ́ta bọ́ sí i níwájú orí.

"Kúrò lójú bàbá rẹ," ni Màmá wí.

Ó kúrò. Bàbá wọn wá jókòó sára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ó ń rẹ́rìn-ín dé ibi tí ìṣó gbà á láyè dé. Màmá rìn lọ síbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fọwọ́ kan ògiri.

"Imú ẹ̀ rèé," ó wí. Gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Imú ẹ̀ rèé o. Bàtà mi ló wà lórí orúnkún ẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé ni. Mo sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín, kó má lọ gbé ìṣó mì. Kò gbọ́."

Olùkọ́ ti rọra tẹ fóònù rẹ̀, ó ń gba ohùn Màmá sílẹ̀. Màmá ń sọ ọ́ lọ, bí wọ́n ṣe ń fa okùn bàtà, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fọ bàtà tálákà kó tó tún un ṣe. Nígbà tó dákẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ò tíì pé. Àwòrán kan, ohùn kan, kò sí fìlà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ìtàn tó dùn jù. Àwọn ilé ìkàwé ní orúkọ ìdílé Màmá ni àwọn máa kọ sókè ilẹ̀kùn, Ọ̀gá Wòmí, tó ti dorí kodò, sì gbójú sókè.

"Ẹ má kọ orúkọ wa," ni Màmá wí. "Iṣẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ kọ Yàrá Atúnbàtàṣe." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ. Ọdún mẹ́ta. Dígí dà?"

"Màmá, tó bá di ọ̀la..."

"Dígí dà?" ni gbogbo gbọ̀ngàn bá a béèrè.

Ó sáré lọ. Wọ́n ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún títí dé òpin òpópónà, wọ́n sì ń gbọ́ àwọn tó wà níta tó ń kí i pé, "Ọmọ Bàbá Ọ̀fẹ́, sáré o!" Nígbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, férémù aláwọ̀ wúrà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn jígí yẹn ló fi fọ́tò pa mọ́ sí láti ọdún mẹ́ta, torí ojú iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń tì í. Ó ti yọ jígí ibẹ̀ kúrò, ó fi dígí lásán sí i, fọ́tò bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ dígí náà. Nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, ó bẹ ojú wò ó bó ṣe ń gbé e kalẹ̀. Kì í ṣe òun ló rí níbẹ̀.

Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú dígí, ó wo ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó sì mi orí.

"Ọlọ́run ò dá méjì ẹ," ó wí.

Àbúrò, tó ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn láràárọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, bú sẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀.